Ta Ló Ni Koríko?

Bí oògùn apakoríko bá ṣèèṣì bà lé ewé ùgú obìnrin kan ní Ogbaru, ilẹ̀ kò ní í ṣú kí gbogbo àdúgbò tó gbọ́. Wọ́n á lọ wo ewé tó lọ́, wọ́n á ránṣẹ́ pe ẹni tó fín oògùn, àwọn àgbà á jókòó, owó ìtánràn á sì jáde. Ṣùgbọ́n kí oògùn kan náà bà lé eèsún létí odò, kí ewé rẹ̀ gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ọ̀mùnú rẹ̀ sì funfun, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀. “Koríko ṣá ni.” Gbólóhùn yìí ni mo ń gbọ́ láti ìgbà tí mo ti ń tọ́jú ẹran ní Onitsha àti àwọn ìlú tó yí i ká, òun ni mo sì fẹ́ bá fà á lónìí.

Mi ò bá oògùn fúnra rẹ̀ jà o. Ẹni tó bá ti fi ọkọ́ ro oko tí ẹ̀kan ti gbà rí kò ní í sọ pé kí àgbẹ̀ má fín oògùn. Owó alágbàro ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí ìbá sì gba iṣẹ́ náà ti wọ ọjà lọ. Ẹni tó ní kí wọ́n padà sídìí ọkọ́, kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá gba orí afárá wọ Onitsha láti Asaba, ọjà ló máa kọ́kọ́ rí, ọkọ̀ ẹrù ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Kò ní í rò pé ẹran pọ̀ nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ẹran pọ̀ níbẹ̀: àgbò tí wọ́n ń bọ́ lẹ́yìn ilé de Iléyá, ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú tí àwọn ìyá so mọ́ ìdí igi, màlúù tí alápatà dá dúró fún ọjọ́ mélòó kan kó tó kàn án. Gbogbo wọn ló ń jẹun, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ síbi oúnjẹ mọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà ìhà gúúsù pàdé ní Asaba, ní òdìkejì odò gan-an, wọ́n sì fẹnu kò pé kí dída ẹran kiri dópin lágbègbè wọn. Èkìtì ti ṣòfin tirẹ̀ láti 2016. Mo fara mọ́ ìpinnu náà, torí mo ti rí oko tí màlúù jẹ tán, mo sì ti rí ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí a kò rò dénú. Ẹran tó ń rìn kiri lè ṣàṣàyàn. Bí òórùn koríko ibì kan kò bá yé e, á gbórí kúrò, á sún síwájú. Ẹran tí a so mọ́lẹ̀ kò ní ibi tó máa sún sí. Ohun tí a bá dà síwájú rẹ̀ ló máa jẹ, pàápàá bí ebi bá ti ń pa á láti àná. Ọjọ́ tí a dá ẹsẹ̀ ẹran dúró, ọwọ́ ẹni tó ń gé koríko ni gbogbo ìṣọ́ra bọ́ sí.

Níbo wá ni wọ́n ti ń gé e? Odò Ọya máa ń kún bo ilẹ̀ Ogbaru àti ilẹ̀ Anam lọ́dọọdún. Ti 2012 àti ti 2022 le débi pé ó lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nílé. Bí omi bá ti ń fà ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá sí Kọkànlá, ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ lọ́ràá, àgbẹ̀ á sì sọ̀kalẹ̀ lọ gbin iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀fọ́. Àsìkò yẹn náà ni eèsún àti àwọn koríko etí omi ń yọ tuntun, tí wọ́n rọ̀, tí ẹran ń fẹ́ wọn jù. Ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ tí koríko dára jù ni ọ̀sẹ̀ tí pọ́ńpù ìfín-oògùn ń ṣiṣẹ́ jù. Àwọn agékoríko á mú dòjé àti àdá, wọ́n á gé etí oko, etí títì, ẹ̀gbẹ́ kòtò omi, abẹ́ wáyà iná. Wọ́n á dì í, wọ́n á kó o sínú kẹ̀kẹ́ tàbí bárò, ó di ìgboro. Etí oko yẹn gan-an sì ni oògùn ń ṣí dé. Kò sí àgbẹ̀ tó fẹ́ kí oògùn òun ṣòfò sí etí oko, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò mọ ààlà.

Bí oògùn ṣe ń rìn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, òun ló sì yẹ ká fara balẹ̀ wò. Pọ́ńpù tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn máa ń fọ́ omi sí wẹ́wẹ́. Ká ní ẹ̀kán kan tóbi tó milimítà 0.4, tó já bọ́ láti mítà 3 sókè nínú atẹ́gùn jẹ́jẹ́ tó ń lọ ní kìlómítà 5 ní wákàtí kan, kò ní í rìn tó mítà 3 kó tó balẹ̀. Èyí tó jẹ́ milimítà 0.1, tí kò sanra ju fọ́nrán irun lọ, á rìn tó mítà 13. Èyí tó jẹ́ milimítà 0.02 lè fò kọjá mítà 300, bí kò bá kọ́kọ́ gbẹ dànù lójú ọ̀nà. Oògùn kan náà, atẹ́gùn kan náà. Ìwọ̀n ẹ̀kán nìkan ló yàtọ̀.

Ẹnu ọ̀pá ìfín ló ń pinnu ẹ̀kán tó máa jáde. Èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa ni èyí tó ń tú omi ní òbìrí, tó ń fọ́ ọ kúnná, nítorí oògùn kòkòrò ni wọ́n ṣe é fún. Oògùn kòkòrò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ewé. Oògùn koríko kò nílò irú ìkúnná bẹ́ẹ̀. Ẹnu tó ń tú omi ní pẹrẹsẹ, tí ẹ̀kán rẹ̀ tóbi díẹ̀, ló yẹ ẹ́. Ìyàtọ̀ owó àwọn méjèèjì kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tó ní pọ́ńpù kan ṣoṣo kì í sábà ra ẹnu méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún á fẹ́ tètè parí. Á gbé ọ̀pá sókè dé èjìká kó lè fẹ̀ dáadáa, á sì máa tẹ pọ́ńpù kíkankíkan. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó ni ẹ̀kán ń kúnná tó. Bó ṣe gbé e ga tó ni ó ń pẹ́ lójú ọ̀run tó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kùtùkùtù òwúrọ̀, nígbà tí ewé kankan kò mì, ló dára jù. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Létí odò, lásìkò ọyẹ́ pàápàá, afẹ́fẹ́ tútù máa ń sùn sílẹ̀, èyí tó móoru díẹ̀ á sì dé e mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Oògùn wẹ́wẹ́ tó bá wọ inú rẹ̀ kì í gòkè, kì í sì í balẹ̀. Á máa ṣí lọ díẹ̀díẹ̀ títí oòrùn á fi là, ibi tó bá dé nígbà náà ló máa bà lé. Èéfín ìdáná àwọn ará abúlé ni mo fi ń mọ̀ ọ́n: bí ó bá na ara gbọọrọ lórí oko tí kò gòkè, kí wọ́n gbé pọ́ńpù kalẹ̀. Atẹ́gùn díẹ̀, tó ń fẹ́ síbi tí kò sí ẹni tó máa pa lára, sàn ju àìsí atẹ́gùn rárá lọ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń rú àwọn àgbẹ̀ lójú, wọ́n á wò mí bí ẹni tó mu ẹmu láàárọ̀.

Oògùn kan tún wà tí kò nílò ẹ̀kán láti rìn. 2,4-D, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ester, lè gbéra kúrò lórí ewé ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ẹni tó fín ín ti lọ sílé lọ jẹun. Irú kejì, amine, kì í fò tó bẹ́ẹ̀. Ara ìgò ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, bí ìwé bá ṣì wà lára ìgò.

Bí ẹ bá dé ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Paraquat kì í pẹ́ kó tó hàn: láàárín ọjọ́ kan, ibi tí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan bà lé á ti jó, ewé á sì di alábàwọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀mùnú tó yọ lẹ́yìn rẹ̀ á mọ́. Glyphosate ń fara pamọ́. Ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kí ọ̀mùnú tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kó wá funfun, kí ìdàgbàsókè sì dúró. Atrazine máa ń jẹ ewé àgbà láti etí rẹ̀, á pọ́n láàárín iṣan ewé. Ní ti 2,4-D, kì í sábà ṣe koríko ní nǹkan kan, ewé gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń mú: ọrùn ewé á tẹ̀, ọ̀mùnú á wé mọ́ra, ewé ẹ̀wà á sì ká sókè. Ìdí nìyí tí ùgú fi máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí. Àmọ́ àrùn àti àìtó ajílẹ̀ náà lè sọ ewé di pípọ́n, nítorí náà mi ò ń fi ewé kan ṣoṣo dájọ́. Mo máa ń rin láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Bí ó bá jẹ́ oògùn tí afẹ́fẹ́ gbé ni, ibi tó sún mọ́ oko tí wọ́n fín ló máa le jù, á sì máa fúyẹ́ bí mo ṣe ń jìnnà, oríṣiríṣi ewé tí kò bára tan á sì jọ ṣàìsàn pọ̀. Àrùn kì í lọ báyìí. Àrùn ní irú ewé tó ń wá.

Báyìí, ohun tó ń dùn mí kọ́ ni koríko tó kú. Koríko tó kú ti sọ tẹnu rẹ̀. Agékoríko á rí i, á sì fò ó. Èyí tó ṣì tutù yọ̀yọ̀ ni mo ń bẹ̀rù. Bí 2,4-D bá kọjá lórí ilẹ̀ tí eèsún àti àwọn ewé ìdílé ẹ̀wà ti jọ ń hù, bíi centrosema àti calopo tó ń fà mọ́ ọn lára, eèsún á dúró, àwọn yòókù á lọ. Lójú, ilẹ̀ náà ṣì kún. Agékoríko á di iye ìdì tó máa ń dì. Ṣùgbọ́n inú ewé ìdílé ẹ̀wà ni amúaradàgbà pọ̀ sí. Bí ti inú oúnjẹ ẹran bá lọ sílẹ̀ ju ìdá 7 nínú 100 lọ, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí nínú àpòlúkù rẹ̀ kò ní í rí ohun fi ṣiṣẹ́, oúnjẹ kò ní í tètè dà, ẹran náà kò sì ní í lè jẹ tó. Eèsún tó ti gbó nìkan, tí kò ní alábàárìn, lè lọ sí ìwọ̀n yẹn wẹ́rẹ́. Olówó àgbò á wá pè mí pé àgbò òun ń jẹun, kò sanra, kí n wá fún un ní oògùn aràn. Mo ti fún irú àgbò bẹ́ẹ̀ ní oògùn aràn rí, nítorí aràn náà wà níbẹ̀. Àgbò náà ṣì rù.

Èyí tó tún burú jù bẹ́ẹ̀ ni àwọn ewé tí ẹran kì í fẹ́ jẹ tẹ́lẹ̀. 2,4-D tí kò pọ̀ tó láti pa ewé lè mú kí ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹran á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohun tó ti ń sá fún láti kékeré. Ó tún lè mú kí èròjà tí wọ́n ń pè ní nitrate kó jọ sínú irú ewé bíi tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún. Bí nitrate bá pọ̀ nínú àpòlúkù, á yí padà, á wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní í lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́. Ẹran á máa mí gúlegúle, inú ètè rẹ̀ á pọ́n dúdú, ó sì lè kú kí wọ́n tó rí ẹni pè. Lọ́pọ̀ ìgbà, oògùn tí afẹ́fẹ́ gbé fúnra rẹ̀ kì í pọ̀ tó láti pa màlúù. Ohun tó sọ ewé dà ló lè pa á. Ẹni tó bá ń wá májèlé nínú ikùn òkú ẹran lè má rí nǹkan kan, á sì ní ayé ni.

NAFDAC ti ní kí paraquat kúrò lọ́jà láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 2024, kí atrazine sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kan náà ní 2025. Ilẹ̀ Yúróòpù ti lé paraquat lọ láti 2007. Ó dára bẹ́ẹ̀, pàápàá nítorí àwọn tó ń gbé paraquat mu láti fi pa ara wọn. Ṣùgbọ́n òfin tó yọ oògùn kan kò sọ nǹkan kan nípa bí a ṣe ń fín èyí tó kù, glyphosate àti 2,4-D sì ń ṣí lọ bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó lówó náà kò tíì rí ọ̀rọ̀ yìí yanjú. Ní Amẹ́ríkà ní 2017, Kevin Bradley ti Yunifásítì Missouri ṣírò pé sóyà tí oògùn apakoríko dicamba tó fò láti oko ẹlòmíràn bà jẹ́ tó éékà mílíọ̀nù 3.6. Ní 2020, ilé ẹjọ́ kan ní Missouri dá olóko píìsì kan láre lórí dicamba kan náà, wọ́n ní kí àwọn ilé iṣẹ́ Monsanto àti BASF san mílíọ̀nù 265 dọ́là, kí wọ́n tó dín in kù lẹ́yìn náà. Sóyà ní olówó, píìsì ní olówó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2008, ẹ̀yìn ilé ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́: àwọn tó ń gbin tòmátì àti ẹ̀wà rí i pé ewé ń lọ́, wọ́n wá a títí, àṣé ìgbẹ́ ẹran tí wọ́n fi ṣe ajílẹ̀ ni. Wọ́n ti fín oògùn apakoríko aminopyralid sí koríko, ẹran jẹ ẹ́, ó gba inú ẹran kọjá láìbàjẹ́, ó sì jáde sínú ìgbẹ́ láàyè. Bí tòmátì kò bá fọhùn, ta ni ìbá mọ̀ pé koríko yẹn ní nǹkan nínú?

Nígbà tí wọ́n bá bi mí pé kí ni ṣíṣe, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ ni pé kí ẹni tó fẹ́ fín oògùn pe ẹni tó ń gé koríko lórí fóònù lọ́jọ́ tó ṣáájú. Kò náni ju káàdì ìṣẹ́jú kan. Kí àwọn méjèèjì mọ orúkọ oògùn náà, nítorí ìwé ara ìgò máa ń sọ iye ọjọ́ tí ẹran kò gbọ́dọ̀ fi jẹ níbẹ̀. Ìṣòro ni pé ẹni tó fín in ni ìwé náà ń bá sọ̀rọ̀. Agékoríko kò rí ìgò náà rí, nígbà mìíràn àgbẹ̀ pàápàá kò rí i, nítorí inú ike omi ni wọ́n bù ú sí fún un lọ́jà. Kí wọ́n fi ìlà mélòó kan tó kángun sí koríko sílẹ̀, kí wọ́n fi ọkọ́ ro ìyẹn. Kí wọ́n má ṣe fi pọ́ńpù tó gbé 2,4-D fín oògùn kòkòrò sórí ẹ̀wà láìfọ̀ ọ́ léraléra. Koríko tó bá ti fara gbá oògùn, kí wọ́n gé e sílẹ̀ kó jẹrà níbẹ̀, kí wọ́n dúró de èyí tó máa hù lẹ́yìn òjò.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí àwọn tó ń sin ẹran gbin koríko tiwọn. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ILCA, ilé ìwádìí lórí ẹran ọ̀sìn, ní Ìbàdàn ń gbin agúnmániyẹ̀ àti leucaena ní ìlà-ìlà láàárín àgbàdo, wọ́n sì ń gé ewé rẹ̀ fún ewúrẹ́ àti àgùntàn. Agúnmániyẹ̀ ń hù dáadáa ní Anambra, amúaradàgbà inú ewé rẹ̀ sì lè ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Bí wọ́n bá fi ṣe ọgbà, ó tún ń gba oògùn tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ dúró. Níbẹ̀ ni àkàrà ti tú sépo, nítorí ẹni tó fi oúnjẹ ẹran ṣe ìgànná gbọ́dọ̀ rántí pé ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí oko aládùúgbò kì í ṣe fún jíjẹ.

Ní ìlú kan lápá Nsugbe, kí òfin atrazine tó dé, ìyá kan gbin eèsún àti ẹ̀wà ẹran sórí ilẹ̀ tó háyà, nítorí àwọn àgbò rẹ̀. Bàbá tó ní oko àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fín oògùn, ẹ̀wà ẹran náà sì ká jọ. Wọ́n pè mí kí n wá sọ ohun tó ṣe é. Mo sọ ọ́.

Bàbá ní, “Dọ́kítà, koríko ṣá ni.”

Ìyá náà ní, “Bàbá, èmi ni mo gbìn ín. Mo san owó ilẹ̀ rẹ̀, mo ra irúgbìn rẹ̀.”

Àwọn àgbà tó jókòó dákẹ́, nítorí kò sí ẹni nínú wọn tó ti dá ẹjọ́ koríko rí. Ọ̀kan wá bi mí pé èló ni ìdì kan lọ́jà. Mo sọ iye tí wọ́n ń tà á. Wọ́n ka ìdì tí ìyá náà máa ń gé lọ́sẹ̀, wọ́n ní kí bàbá san án títí ẹ̀wà ẹran á fi hù padà. Bàbá ní òun kò ní owó, àfi kí ó wá kó pòròpórò àgbàdo òun lẹ́yìn ìkórè.

Ìyá náà kò tíì gbà. Ó ní, “Kí lẹ fín sí i, ọjọ́ wo sì ni?”

Bàbá wọlé, ó gbé ìgò méjì jáde, atrazine àti 2,4-D, ìwé wọn ṣì wà lára wọn. Títí ìkórè, èyí tí wọ́n fín kẹ́yìn á ti lé ní oṣù méjì. Mo ka ìwé náà fún wọn lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kí ìyá náà máa kó pòròpórò náà.